Páálí Onílà Pupa

Kò sí ẹni tó ń bá Àpáta sọ ẹrù kalẹ̀. Ẹni tó bá ti bá wọn já ẹrù ọkọ̀ rí ní ilé ìkẹ́rùsí yẹn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Àwọn yòókù, bí wọ́n bá ru ẹrù dé ibi tí wọ́n ń tò ó sí, wọn á dúró, wọn á ní, “Ẹ sọ̀ mí o,” ẹnì kan á sì bá wọn gbé e kalẹ̀. Àpáta kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Á ká orúnkún méjèèjì díẹ̀, á yí èjìká, ẹrù á balẹ̀ pẹ̀lẹ́ bí ẹni tẹ́ ọmọ jòjòló sùn. Á wá na ìdúró, á gbọn ọwọ́, á máa wò yín bíi pé ẹ̀yin ló rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti gba orúkọ tí wọ́n ń pè é, ó sì fẹ́ràn orúkọ náà ju bó ṣe yẹ lọ.

Àbúrò rẹ̀ ń bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èyí kò tilẹ̀ ní orúkọ kankan. Àbúrò ni máníjà ń pè é, Àbúrò ni àwọn dẹ́rẹ́bà ń pè é, àwọn tí kò tó o lọ́jọ́ orí pàápàá, Àbúrò náà ni wọ́n ń kígbe pè é. Ọkùnrin tó ti ní irùngbọ̀n, tó ti ń wá ìyàwó! Kò bínú sí i. Àpáta ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí àwọn òbí wọn kú. Àpáta ló mú un wá síbi iṣẹ́, tó kọ́ ọ pé abẹ́ igun ni wọ́n ti ń di páálí mú, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́, tó sì kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń mọ̀ láti ara dídún ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ pé ẹrù inú rẹ̀ ti fì. Kò sí ohun tó mọ̀ nínú iṣẹ́ náà tí kì í ṣe ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ.

Ọjọ́ tí básíìnì ìfọwọ́ kan yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó wà lórí ọkọ̀ ni nǹkan yí padà. Básíìnì ńlá ni, irú èyí tí wọ́n fi amọ̀ dídán ṣe, Àpáta ló sì wà nísàlẹ̀. Ó yẹ kó yẹra, kó jẹ́ kó fọ́. Ẹni tó bá fẹ́ràn ara rẹ̀ á yẹra. Ṣùgbọ́n Àpáta kò yẹra fún ẹrù rí láyé rẹ̀. Ó yí ara sí i, ó hán an, nǹkan kan sì dún ní ìbàdí rẹ̀ tí Àbúrò gbọ́ láti ibi tó dúró sí. Básíìnì náà kò fọ́. Máníjà yìn ín gan-an lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà náà ló ti ń sùn sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Bó bá fẹ́ wọ bàtà, ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a wọ̀ ọ́, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn yàrá kí wọ́n tó ṣe é. Dókítà ní kó sinmi, kó má gbé ohun tó wúwo. Àpáta ní òun ti gbọ́. Bó bá dé ibi iṣẹ́, á máa rẹ́rìn-ín, á máa làágùn. Máníjà sì ti sọ fún gbogbo wọn pé ilé ẹrù kì í ṣe ilé ìwòsàn, pé ẹni tí kò bá lè gbẹ́rù mọ́, kó máa lọ sílé rẹ̀ ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Ojú Àpáta ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́.

Ìyàwó Àpáta ló wá bá Àbúrò. “Ọkọ mi kékeré” ni ìyàwó yìí máa ń pè é, á wá fi kún un pé òun ò mọ ìgbà tí ọkọ òun yìí máa fẹ́ ẹlòmíràn lé òun, kí òun náà lè máa rán orogún níṣẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, aṣọ tútù tó fẹ́ lọ sá wà lápá rẹ̀, omi ń kán láti ara aṣọ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì mọ̀.

“Ọkọ mi, ẹ gbà mí,” ló wí. “Ẹ̀gbọ́n yín ò lè dá yí ara padà lórí ẹní mọ́. Tí mo bá ní kó má lọ síbi iṣẹ́, á ní ṣé mo fẹ́ sọ òun di aláìsàn ni. Ẹ̀yin lẹ jọ wà níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó gbé èyí tó wúwo.”

“Ìyàwó wa, ta ni mo jẹ́ tí màá wá sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kò lè gbẹ́rù?”

“Mi ò ní kẹ́ ẹ sọ fún un. Mo ní kẹ́ ẹ má jẹ́ kó gbé e.”

Àbúrò ro ọ̀rọ̀ yìí síwá, ó rò ó sẹ́yìn, títí ọgbọ́n fi dé. Táìlì ló pọ̀ jù nínú ẹrù tó ń wọlé síbẹ̀, oríṣi méjì ni. Ti ilẹ̀ nípọn, ó ń fa èèyàn lápá ya. Ti ara ògiri fẹ́lẹ́, ẹni tó bá lágbára lè gbé e pẹ̀lú ọwọ́ kan. Páálí kan náà ni wọ́n ń kó méjèèjì sí, àwọ̀ kan náà, títóbi kan náà. Ìlà kan báyìí tó wà ní ìdí páálí nìkan ló yàtọ̀. Ti ilẹ̀ ní ìlà pupa, ti ògiri ní ìlà àwọ̀ ewé.

Ló bá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun máa wà lórí ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó bá a jà sí i, nítorí ìbẹ̀rẹ̀-dìde ibẹ̀ kì í ṣe eré: ẹni tó wà lórí ọkọ̀ ló ń gbé ẹrù ru gbogbo àwọn tó wà nísàlẹ̀. Bó bá kan àwọn yòókù, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà ló máa gbé rù wọ́n. Bó bá kan Àpáta, á wá onílà ewé, á gbé e lé e léjìká, á sì rí i dájú pé ìdí tí ìlà wà ló kọjú sẹ́yìn. Ẹni tó ń to ẹrù nínú ilé ẹrù wà nínú ète náà. Rédíò ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Òun àti Àbúrò kan pákó gbọọrọ kan mọ́ ògiri, ó ṣe déédéé èjìká, wọ́n ní kí ó lè dẹ gbogbo èèyàn lára ni. Àpáta á wá fẹ̀yìn sún mọ́ ọn, á yọ́ ẹrù rẹ̀ lé e láìbẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á sì yí padà lọ. Síbẹ̀síbẹ̀, kò sí ẹni tó bá a sọ ọ́ kalẹ̀. Rédíò, ẹni tí kò lè fi ọ̀rọ̀ sínú kó mu omi, fi èyí sínú. Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Nígbà tó yá, àwọn yòókù náà rí ohun tó ń lọ, wọ́n sì ń ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Kò sí ohun tó burú nínú gbogbo ètò yìí àfi ẹyọ kan. Àwọn tó ń di ẹrù sínú ọkọ̀ kì í to onílà ewé sókè. Àárín ni wọ́n máa ń kì í bọ̀, pupa lókè, pupa nísàlẹ̀. Òfin kan sì wà tí máníjà máa ń kà sí wọn létí láràárọ̀ bí ẹni ń gbàdúrà: òkè lẹ ó ti mú un wá sí ìsàlẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fa ẹrù yọ láti inú. Kí máníjà tó débẹ̀ rárá ni Àpáta ti fi òfin yìí kọ́ àbúrò rẹ̀. Àbúrò wá ń fà á yọ láti inú. Á fi ẹsẹ̀ kan ti ara ọkọ̀, á fi èjìká gbé tòkè ró, á máa yọ páálí fẹ́lẹ́ náà díẹ̀díẹ̀, á sì yára ki igi sí ihò tó bá fi sílẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì. Nígbà tó yá, ó mọ́ ọn lára, ohun tó sì ń pa èèyàn lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ gan-an nìyẹn.

Ohun tí kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé ara Àpáta á bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ká má purọ́, kò yá. Òun ló rò pé ó yá. Lójoojúmọ́ ló ń gbé páálí táìlì, lójoojúmọ́ ló sì ń fúyẹ́ lára rẹ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní àwọn dókítà wọ̀nyí, ìwé ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ egungun ẹni tó ń ṣiṣẹ́ agbára. Ẹ̀yìn tí kò rí ohun tó wúwo gbé náà sì rọ̀ díẹ̀. Lọ́jọ́ kan ìyàwó rẹ̀ sáré jáde wá bá Àbúrò ní ìta, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín ń bọ́ láàárín ìka rẹ̀.

“Ọkọ mi, ó dá wọ bàtà láàárọ̀ yìí! Òun nìkan! Ó tún ní kí n wo òun!”

Àbúrò fẹ́ sọ fún un pé kó rọra yọ̀. Ó wo ojú obìnrin náà, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Inú òun náà dùn, ẹ̀rù sì ń bà á, kò mọ èwo ló pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Àárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bẹ́yìn yọ, òjò ti rọ̀. Ọkọ̀ mìíràn ti gba ibi tó tẹ́jú, ni ọkọ̀ táìlì bá lọ dúró síbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ̀, ó sì fì sí apá òsì. Dẹ́rẹ́bà fi òkúta há táyà, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ ṣe kíá. Wọ́n ti já ẹrù náà dé ìdajì nígbà tí Àpáta padà wá sí ẹ̀yìn ọkọ̀ láìgbé èjìká sílẹ̀ gba ẹrù. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sí ìbàdí.

“Àbúrò, sọ̀ kalẹ̀.”

“Kí ló dé, ẹ̀gbọ́n?”

“Èmi ni mo fẹ́ wà lórí ọkọ̀ báyìí. Mo ti bá máníjà sọ ọ́. Ara mi ti yá, ibi tí iṣẹ́ ti le jù ló yẹ mí. Ìwọ náà lọ sinmi, o ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ jù, ẹ̀yìn ẹ á tẹ̀ kóo tó fẹ́yàwó.”

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Rédíò nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Máníjà ti jáde sí ẹnu ilẹ̀kùn, ó káwọ́ gbera, ó ń wo ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀.

Àbúrò wo ẹrù tó kù. Tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá fi lè gòkè wá, onílà pupa ni ọwọ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ bà, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbé e, níwájú máníjà, níwájú gbogbo wọn.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n parí apá kan yìí. Ẹ lọ mumi díẹ̀. Kẹ́ ẹ tó dé, mo ti sọ̀ kalẹ̀.”

“Ṣé o ò gbọ́ ohun tí mo sọ ni?”

“Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bínú. Ẹyọ kan yìí péré.”

Àpáta wò ó títí, ó pòṣé, ó sì lọ mumi.

Ẹ wò ó, ó lè sọ òótọ́ nígbà náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí àbúrò la ẹnu sọ fún ẹ̀gbọ́n tó tọ́ ọ pé ara yín ò yá o, èmi ni mò ń tàn yín, lójú gbogbo ayé, ta ló lè ṣe é? Kàkà bẹ́ẹ̀, Àbúrò yíjú sí ẹrù. Ó fẹ́ yára fa àwọn onílà ewé jáde, kó tò wọ́n sí etí ọkọ̀, kí ó lè jẹ́ àwọn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa kọ́kọ́ bá. Ó fa ọ̀kan, ó fa òmíràn. Kò ráyè ki igi sí ihò wọn. Ó tún fa òmíràn.

Ó gbọ́ ọ nígbà tó ń bọ̀. Ìró kan ni, bí ìgbà tí páálí bá ń ha ara wọn, tí Àpáta ti kọ́ ọ pé tó bá gbọ́ ọ, kó ju gbogbo nǹkan sílẹ̀, kó fò. Kò fò. Onílà ewé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fẹ́ kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ kó má bàa fọ́. Ni gbogbo ẹrù apá ọ̀tún bá wó lé e.

Ó bá ara rẹ̀ ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ọkọ̀. Kò kọ́kọ́ dùn ún. Ó wá ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, kò rí i, páálí ló rí. Ìgbà yẹn ni ìrora dé, ó sì ké.

Gbogbo wọn sáré wá. Rédíò ti gbé ẹsẹ̀ kan lé ọkọ̀ nígbà tí Àpáta fà á láṣọ padà.

“Ẹ má gùn ún! Ọkọ̀ ti fì, tẹ́ ẹ bá pọ̀ níbẹ̀, ìyókù á wó lé e lórí. Ẹnì kan péré ló máa wọlé.”

“Ẹ jẹ́ kí n wọlé, ẹ̀gbọ́n,” ni Rédíò wí. “Ẹ̀yìn yín.”

“Ẹ̀yìn mi ti yá,” ni Àpáta dá a lóhùn, ó sì gun òkè.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di páálí àkọ́kọ́ mú lábẹ́ igun, ó gbé e. Páálí náà dé ìwọ̀n orúnkún rẹ̀, kò kọjá ibẹ̀. Àpáta dúró. Ó wo ìdí páálí, ó rí ìlà pupa. Ó yíjú sí etí ọkọ̀, ó rí àwọn onílà ewé tí wọ́n tò sílẹ̀ dè é. Ojú rẹ̀ lọ sí ìhín, ó lọ sí ọ̀hún, ó wá sọ̀ sórí àbúrò rẹ̀ tó wà nílẹ̀. Àbúrò ti rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi tó ti ń bínú, ó ti rí i níbi tí ebi ti ń pa á. Kò tíì rí ojú yẹn rí. Ó sàn fún un kí ìyókù ẹrù náà wó.

Àpáta kọjú sí ẹrù. Ó fi eyín di ètè, ó gbé onílà pupa náà sí ẹ̀gbẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbé òmíràn. Bó bá ti ń dìde, ohùn kan á jáde ní ọ̀fun rẹ̀ tí kì í ṣe ohùn rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀. Kí Rédíò wá.”

“Dákẹ́.”

Gbogbo rẹ̀ ló gbé, òun nìkan, títí ẹsẹ̀ fi jáde. Ìdí páálí tó kẹ́yìn ni nǹkan ti já ní ẹ̀yìn Àpáta. Ó kúnlẹ̀ tòun ti páálí náà, ó sì wà bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò rẹ̀, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, títí wọ́n fi wá gbé àwọn méjèèjì.

Egungun ojúgun Àbúrò ló kán. Wọ́n tò ó, wọ́n fi pílásítà funfun dì í láti itan dé ọmọ ìka. Ti Àpáta, wọ́n ní ẹ̀yìn náà á jẹ́ kó rìn, á jẹ́ kó jókòó, ṣùgbọ́n kó má tún bá ẹrù ṣeré mọ́ títí ayé. Ilé kan náà ni wọ́n dá àwọn méjèèjì padà sí. Àbúrò wà lórí àga gígùn ní pálọ̀, Àpáta wà lórí ẹní nísàlẹ̀ rẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Kò bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí oúnjẹ bá dé, ìyàwó á bu ti ọ̀kan, á bu ti èkejì, á gba abọ́ lọ.

“Èmi ni mo rán yín níṣẹ́ yẹn,” ni obìnrin náà yọ́ sọ fún Àbúrò lọ́jọ́ kan tó ń bá a gbé ìrọ̀rí sábẹ́ ẹsẹ̀. “Ọkọ mi, èmi ni mo fọ́ yín lẹ́sẹ̀.”

Máníjà wá kí wọn. Ó kó ọsàn dání nínú ọ̀rá, ó jókòó sí etí àga bí ẹni tí kò ní pẹ́. Ó ní àánú ṣe òun. Ó tún ní òun rí ihò nínú ẹrù yẹn, òun sì mọ ohun tí òfin ilé iṣẹ́ wí: ẹni tó bá fa ẹrù yọ láti inú ti lé ara rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ilé iṣẹ́ ò sì ní dá sí ìtọ́jú rẹ̀.

“Àbúrò, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ìwọ lo fà á yọ?”

Àbúrò la ẹnu. Ohùn kò tíì jáde nígbà tí ẹni tó kọjú sí ògiri sọ̀rọ̀.

“Nítorí tèmi ni.”

“Àpáta, òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀.”

“Orúkọ tí wọ́n sọ mí nílé kọ́ nìyẹn, ẹ yé pè mí bẹ́ẹ̀.” Ó rọra yí ara padà. Ó pẹ́ kó tó yí i tán, gbogbo wọn sì dúró dè é. “Máníjà, láti ọjọ́ tí básíìnì yín já ni mi ò ti lè gbẹ́rù mọ́. Básíìnì yín ò fọ́, ẹ yìn mí. Èmi ni mo fọ́. Ẹ rí i lójú mi, ẹ ní kí ẹni tí ò bá lè gbẹ́rù máa lọ. Ọmọ yìí ò fẹ́ kí n lọ. Ó ń wá èyí tó fẹ́lẹ́ fún mi kí ẹ má bàa mọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń wá ẹni tẹ́ ẹ máa lé, èmi nìyí, mo ti lọ. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yẹn, iṣẹ́ yín ló ń ṣe tó fi kán.”

Máníjà wo ọ̀rá ọsàn rẹ̀. Ó ní òun máa wo ohun tí òun lè ṣe sí i. Bóyá á ṣe é, bóyá kò ní ṣe é, kò sẹ́ni tó lè rí i lójú rẹ̀. Ìyàwó sìn ín jáde, ó sì gba ibẹ̀ lọ ra oògùn.

Ó ku àwọn méjèèjì nínú pálọ̀.

“Ṣé gbogbo wọn ló mọ̀?” ni ẹ̀gbọ́n béèrè.

“Gbogbo wọn, ẹ̀gbọ́n.”

“Rédíò náà?”

“Rédíò náà.”

“Rédíò wá dákẹ́?” Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbà fún un. “Mo dẹ̀ ń kọrin. Ẹ̀ ń wò mí, mò ń kọrin.”

Àbúrò fi apá bo ojú. Ó ń sunkún, kò sì fẹ́ kí ó hàn nínú ohùn rẹ̀. Ọ̀fun rẹ̀ gbẹ, ó ń wúkọ́. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ikọ́ náà. Ó di ẹsẹ̀ àga mú, ó di ògiri mú, ó gbé ara rẹ̀ dìde díẹ̀díẹ̀, ó wọ́ ẹsẹ̀ lọ sí ilé ìdáná. Nígbà tó padà dé, jọ́ọ̀gì omi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ife wà lórí rẹ̀.

Tábìlì kékeré tí wọ́n ń gbé omi lé kò ga ju orúnkún lọ. Ó dé iwájú rẹ̀, ó dúró. Ó gbìyànjú láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ojú rẹ̀ fún pọ̀, ó tún na ìdúró. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ife ń mì lórí jọ́ọ̀gì, omi ń ta sílẹ̀. Àbúrò wò ó, ó gbé ojú kúrò, kó má bàa dójú tì í. Ó mọ̀ pé títí ilẹ̀ á fi ṣú ni ọkùnrin yìí lè dúró síbẹ̀.

“Àbúrò.”

“Ẹ̀gbọ́n.”

“Sọ̀ mí.”

Àbúrò fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara rẹ̀ sókè lórí àga. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.